Ebè Mẹ́rin

Ẹni tó bá wù kó pè mí ní wèrè. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ní àárọ̀ tí oòrùn ti yọ, ní Thamesmead, ìlú òyìnbó níbí. Mi ò mu nǹkan kan ju tíì lọ.

Ọkọ mi, Ayọ̀dèjì, kú ní oṣù kẹwàá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ Ìkírè ni. Bí òtútù bá ti ń lọ, àwa méjèèjì á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa kékeré. Kì í ro ilẹ̀ pẹrẹsẹ bí àwọn òyìnbó. Ebè ló máa ń kọ, pẹ̀lú ọkọ́ tó gbé wá láti ilé, á sì fi koríko gbígbẹ dé e ní fìlà. Adrian tó ń gbé lódìkejì máa ń bi wá bóyá ológbò la ń sin. Èmi á máa fọ́n tẹ̀tẹ̀, òun á máa kọrin ìjọ. Mi ò mọ adùn tó ju ti erùpẹ̀ tútù lọ́wọ́ mi lọ, bí mo bá dé láti iṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó.

Nígbà tó kú, mo ní kí wọ́n gbé ọkọ́ náà sínú pósí. Ìyá Ìjọ wa kọ̀.

"Mọ́wùnmí, a kì í fi irinṣẹ́ lé òkú lọ́wọ́. Jẹ́ kó sinmi."

Mi ò gbọ́, wọ́n sì gbé ọkọ́ náà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Òpin oṣù kẹta. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ebè kan wà nílẹ̀, ó tutù, ó dé fìlà koríko. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan.

Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju ẹ̀rù náà lọ. Lọ́jọ́ kejì ó di méjì. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ó di mẹ́rin, ó sì dúró síbẹ̀. Mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ sórí wọn. Mo ń bá Ayọ̀dèjì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí mo ṣe ń bomi rin wọ́n. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rántí mi, ìyẹn tó mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tẹ̀tẹ̀ náà ti hù, mo gbọ́ ìró ọkọ́. Kì. Kì. Kì. Kì í ṣe lẹ́yìnkùlé mi.

Mo gun àga, mo yọjú lórí pákó tó pín ẹ̀yìnkùlé èmi àti Felicia níyà. Aládùúgbò mi ni, a sì jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé. Ife tíì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń yọ èéfín. Ìró ọkọ́ dákẹ́. Ebè méje ni mo kà, gbogbo wọn dé fìlà koríko.

"Felicia, ta ló kọ ìyẹn?"

Kò wojú mi. "Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Mo ní ta ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Láti ìgbà wo?"

Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Since tí ẹ ti start night shift. Three years. Auntie, mi ò pè é padà o. Òun fúnra ẹ̀ ló wá."

Ọdún mẹ́ta. Mo ń gbé arúgbó sùn ní Woolwich, mo ń gbàdúrà fún un nínú bọ́ọ̀sì. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Mo ti sunkún òkú yẹn títí ojú mi fi wú. Ó dùn mí dé egungun.

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ tú ebè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, tàwọn ti tẹ̀tẹ̀ tó hù lórí wọn. Mo tẹ ilẹ̀ náà títí ó fi tẹ́jú.

"Bó o bá jẹ́ tèmi," mo ní, "wá tún un kọ."

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo ṣí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ mi tẹ́jú bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo tún gun àga. Ebè Felicia ti di mọ́kànlá, tẹ̀tẹ̀ sì ti hù lórí mẹ́rin nínú wọn.