Awò Tí Modinat Fi Ka Kéwú

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, kó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Dópẹ̀mú, kó béèrè Ìyá Kaothar tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Awò náà wà lórí tábìlì rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí ó tọrọ ààyè kó tó gbé e sójú.

Modinat ni orúkọ ìyá náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún kó tó jókòó nílé kéwú, láàárín àwọn ọmọ tó lè pè é ní ìyá àgbà. Ọkọ rẹ̀, Làsísì tó ń tún rédíò ṣe, ló kọ́kọ́ fi lẹ́tà Lárúbáwá hàn án. Irin ẹ́ríà rédíò ló fi ń tọ́ka. Yóò fà á yọ, kẹ́, kẹ́, kẹ́, yóò fi ṣóńṣó rẹ̀ lé orí lẹ́tà, yóò sì dúró. Kì í kánjú. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ọlọ́jọ́ fi dé. Modinat sin ọkọ rẹ̀, ó sunkún tẹ́rùn, ó wá gba ilé kéwú Ààfáà Mukhtar lọ. "Mo máa kà á tán fún un," ló ń wí.

Ó sì kà á tán. Wọ́n dá ọjọ́ wòlímọ̀ fún un. Inú Kaothar, ọmọ rẹ̀, dùn bí ẹni pé òun gan-an ló fẹ́ wé láwàní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ti sá kúrò nílé kéwú láti kékeré. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe dígí awò ní Àgídìngbì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe wòlímọ̀ kì í jókòó láàárín èrò láìsí awò dúdú lójú. Ta ni yóò ṣe ti ìyá rẹ̀ bí kò ṣe òun?

Awò tó ń dán bíi jígí yẹn, nǹkan méjì ló para pọ̀ di í. Aró wà nínú dígí fúnra rẹ̀. Inú omi gbígbóná ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́. Dídán wà níta. Ẹ̀rọ Olúṣínà, ẹni tí òun àti Kaothar jọ ń ṣiṣẹ́, ló ń fín in sí i. Dídán ni ti ẹni tó ń wò ọ́. Aró ni ti ìwọ tó wọ̀ ọ́. Awò lè dán bíi wúrà lójú gbogbo ayé, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ sì máa rí ohun gbogbo bí eérú. Aró náà tún máa ń yí dídán padà: lórí aró fẹ́ẹ́rẹ́, wúrà á ṣá, lórí aró dúdú, á máa kọ mànà.

Kaothar fẹ́ kó kọ mànà. Aró dúdú ló rẹ dígí náà sí, ó sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Olúṣínà gbé e sókè sí iná.

"Kaothar, eléyìí dúdú jù o. Dídán tún máa lé ìmọ́lẹ̀ padà. Ṣé mọ́mì máa ríran?"

"Bọ̀dá Ṣínà, ẹ bá mi fín in. Ẹ jẹ́ kí mọ́mì mi ṣáìnì jàre!"

Ó fín in. Awò náà jáde, ó ń tàn yanran. Kaothar jó yí ẹ̀rọ ká. Ó ti gbàgbé pé ìyá òun máa kàwé níbi wòlímọ̀ náà.

Ọjọ́ pé, ẹsẹ̀ kò gbèrò lábẹ́ kánópì. Àwọn aládùúgbò kan ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn pé ìyá arúgbó kàn fẹ́ wé láwàní ni, pé kò lè kà kọjá Bísímílà. Modinat gbọ́. Ó ti sọ fún Kaothar pé bí òun bá ṣìnà lójú àwọn wọ̀nyẹn, òun kò ní fọwọ́ kan wàláà mọ́ láé.

Ó gbé awò wọ̀. Ariwo ayọ̀ sọ. Wúrà ń kọ mànà lójú ìyá! Wọ́n gbé wàláà lé e nítan. Ó wò ó. Ó nawọ́ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Kaothar."

"Mọ́mì."

"Mi ò rí nǹkan kan o."

Kaothar fi ẹnu sí i létí.

"Ẹ bọ́ ọ, mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kí wọ́n wá rí omi lójú mi? Mi ò bọ́ ọ."

Ẹ̀pà kò bóró mọ́. Ààfáà Mukhtar ti gbé máìkì sí i lẹ́nu. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kú lójijì. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ atíòro lẹ́nu.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Kaothar ti gbọ́ ọ.

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

Ó wẹ̀yìn, kò rí ibi tí ìró náà ti wá. Ó wo awò ìyá rẹ̀. Gbogbo èrò ló wà nínú dídán náà, wọ́n kéré, wọ́n tẹ̀: kánópì, àga, láwàní Ààfáà. Ṣùgbọ́n níwájú ìyá rẹ̀ gan-an, ọkùnrin kan jókòó lórí ẹní, fìlà funfun lórí, ó na irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí wàláà. Kaothar yára wo orí ẹní náà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Modinat rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó la ẹnu, ó kà.

Ó kà á láìkọsẹ̀. Ó ń dúró níbi tó yẹ kó dúró, ó ń fa ohùn níbi tó yẹ kó fà á. Nígbà tó parí, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fò dìde tí wọ́n ké "Àlááhù Àkúbárù!" Ààfáà Mukhtar ń nu ojú. Kaothar sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Inú ẹni kì í dùn ká pa á mọ́ra.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, báwo lẹ ṣe ríran?"

"Ṣé kì í ṣe aró àwọ̀ oyin lo fi ṣe é ni? Ó mà mọ́ roro. Ó kàn ń rọra lọ ni, bó ṣe máa ń ṣe."

"Ta ni, mọ́mì?"

Modinat bu ìrẹsì sẹ́nu. "Jẹun, ọmọ mi."

Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, Kaothar gbé awò náà lé orí pépà funfun fún Olúṣínà. Aró inú rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Olúṣínà gbé e wọ̀, ó sì tètè bọ́ ọ.

"Òkùnkùn biribiri! Wọ́n fi eléyìí kàwé?"

"Wọ́n fi kàwé."

"Gbé e lọ sílé, jọ̀ọ́."

Ó gbé e lọ sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí òòrùn ń ràn gan-an, ó mú un lórí tábìlì, ó tọrọ ààyè, ó sì wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn lójú. Ó fẹ́ bọ́ ọ.

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan là nínú òkùnkùn náà, ó pọ́n bí oyin. Ṣóńṣó irin kan wọlé láti ọwọ́ ọ̀tún, ó lé orí lẹ́tà kan ṣoṣo tó dúró gbọn-in. Ó dúró síbẹ̀. Kò kánjú.

Ìyá rẹ̀ pè láti ilé ìdáná. "Dá a lóhùn, má jẹ́ kó dúró pẹ́ o."

Ẹ̀rín gba Kaothar lẹ́nu.

"Alífù," ló wí.

Irin náà sún sí èkejì.