Òwú Pupa Inú Asẹ́

Ẹ má retí orin nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀. Asẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí ṣì wà lára ìṣó nínú ilé ìdáná wọn. Ẹni tí ojú bá ń kán láti rí i, kí ó lọ wò ó. Kí ó má ṣáà ní ká jọ lọ.

Obìnrin kan ló ń ránṣọ nínú ilé. Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé kò sí ohun tí kì í fi rẹ́rìn-ín. Omi ọsàn ni Màmá ń tà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ó ń fún ọsàn, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń tà á, òun ló fi tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà. Àfi bí àìsàn ṣe dé. Ó mú apá ọ̀tún rẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, "hùn" nìkan ló kù. Ọ̀fun rẹ̀ náà kò sì ṣe déédéé mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó fa Aránṣọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Nǹkan olómi nìkan ni Màmá lè gbé mì. Ohunkóhun tí wọ́n bá máa mu, ẹ sẹ́ ẹ. Háhá bíńtín, tó bá há wọn lọ́fun, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni."

Aránṣọ gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sẹ́ nǹkan. Ó ń sẹ́ omi ọsàn, ó ń sẹ́ omi bàrà, ó ń sẹ́ ọbẹ̀, kódà ó ń sẹ́ tíì. Asẹ́ tí Màmá fi ṣòwò ló ń lò, onírin, tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú nítorí ọjọ́ pípẹ́. Bí Màmá ṣe kọ́ ọ náà ló ń ṣe é: sẹ́ ẹ, tún un sẹ́, kí o wá gbọn asẹ́ mọ́ etí abọ́. Kó, kó. Bí Màmá bá ti gbọ́ ìró yẹn lórí ibùsùn, á yí ojú sí ẹnu ọ̀nà.

Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ní kó má rẹ ènìyàn. Aṣọ oníbàárà ń dúró, maṣíìnì ń dúró, ọsàn ń dúró, òun nìkan ni kò sí ẹni tó ń dúró dè é. Ara rẹ̀ ti kan bí ojú eéwo.

Ọ̀sán kan ló sẹ́ omi ọsàn, ó gbọn asẹ́, ó sì rí òwú níbẹ̀. Òwú pupa, tó ká jọ láàárín kóró ọsàn.

Ó pòṣé. "Iṣẹ́ mi náà ló tún ń bá mi jà báyìí."

Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó fún ọsàn mìíràn. Ó gbá yàrá. Ó gbé maṣíìnì jìnnà sí ilé ìdáná. Ó wé gèlè mọ́ irun, ó gbọn aṣọ ara rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Lọ́jọ́ kejì, ó tún sẹ́ omi ọsàn. Òwú pupa tún wà níbẹ̀, ó gùn ju ti àná lọ.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé dé, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí Aránṣọ fi kò ó lójú.

"Ta ló ń fi ọwọ́ kan asẹ́ mi?"

"Ẹ kú ilé náà o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Má kí mi! Òwú ń bọ́ sínú nǹkan tí Màmá ń mu. Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?"

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. "Ilé aránṣọ lẹ ti rí òwú, ẹ wá ń bínú. Ẹ kúkú lọ sétí odò, kẹ́ ẹ lọ bá omi jà."

"Òwú pupa ni!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló wá ṣe é?"

"Mi ò ní òwú pupa nínú ilé yìí."

Ẹ̀rín náà kò tán lẹ́nu àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mú asẹ́ lára ìṣó, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú fèrèsé níbi tí oòrùn gbé ń wọlé. Asẹ́ mọ́. Ó bu omi tútù sínú ife. Omi náà mọ́ débi pé ìsàlẹ̀ ife hàn kedere.

"Ẹni fi ajere gbomi, ara rẹ̀ ló ń tàn," ni ó wí, ó sì ń da omi náà lé asẹ́ díẹ̀díẹ̀. "Ẹ wò ó. Omi lásán. Ẹ wá fi òwú hàn mí."

Omi kán tán. Òwú pupa wà nínú asẹ́, ó tutù, ó ká jọ bí ẹni tó ń sùn.

Ẹlẹ́rìn-ín gbé asẹ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ asẹ́ yìí nù."

"Asẹ́ Màmá? Asẹ́ tó bọ́ ẹ?"

"Ẹ sọ òwú yẹn nù nígbà náà."

Èyí ni kò ṣeé ṣe. Ẹ wo òwú náà lọ́wọ́ aránṣọ: ó le, ó ń dán, kò ní kókó kankan, kò tú lára. Irú òwú rere bẹ́ẹ̀ ṣòro rí. Ọwọ́ tó ti ń ránṣọ láti ìgbà èwe kì í sọ ọ́ nù. Ó sá a lójú fèrèsé, ó sì ká a mọ́ bọ́bìnì tí wọ́n ń ká òwú maṣíìnì mọ́. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń pòṣé, ojoojúmọ́ ló ń ká a. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ so ti òní mọ́ ti àná. Ó wá orí òwú ti àná tì. Òwú kan ṣoṣo ló wà lára bọ́bìnì náà látòkèdélẹ̀. Ó ní ojú ló ń tan òun, ó rẹ òun ni.

Oníbàárà kan wá gbé aṣọ pupa wá. Ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà ló tú, oníbàárà náà kò sì fẹ́ kúrò níwájú Aránṣọ àyàfi tó bá gbà á lọ. Òwú pupa rèé lórí tábìlì. Aránṣọ fa orí rẹ̀ jáde, ó fi í sẹ́nu kó lè rin, bí gbogbo aránṣọ ti í ṣe kí òwú tó lè wọ ojú abẹ́rẹ́. Ó dùn díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí omi ọsàn.

Ohùn Màmá ta láti yàrá. "Hùn! Hùn-ún!" Ó ń fi ọwọ́ òsì lu ara ibùsùn.

"Mo ń bọ̀, Màmá! Ẹ ṣe sùúrù! Ṣé méjì ni mí ni?"

Màmá kò dáwọ́ lílù náà dúró títí Aránṣọ fi gbé òwú kúrò lẹ́nu. Nígbà yẹn ni ó dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wá sú u pátápátá, ó fi asẹ́ onírin há ara ìṣó, ó jáde lọ ra tuntun. Onírọ́bà ni, ojú rẹ̀ sì kéré gan-an. Ó fún ọsàn, ó sẹ́ ẹ, ó tún un sẹ́. Kò sí òwú. Omi ọsàn mọ́ lóló. "Ọpẹ́ ni o," ni ó wí sókè, bí ẹni pé ẹnìkan ń gbọ́. Ó gbọn ọ́n mọ́ etí abọ́, ìró rẹ̀ kú, kò dún kó, kó.

Nígbà tó wọ yàrá, Màmá ti yí ojú sí ògiri.

"Màmá, ẹ mu ún."

Màmá pa ẹnu dé.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe èyí sí mi lónìí. Ó ti rẹ̀ mí, Màmá. Ó ti rẹ̀ mí gan-an." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Tí ẹ ò bá mu ún, ẹ máa kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Màmá wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó la ẹnu, ó sì mu ún.

Ó mu díẹ̀, ó há a lọ́fun. Ikọ́ gbé e, ikọ́ ò fi í sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yọ síta. Aránṣọ kígbe, kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ó ti ìka bọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu, ó wá a kiri, ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ahọ́n. Ó fà á. Òwú pupa.

Ó fà á, ó ń bọ̀. Ó tún fà á, ó ń bọ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó kún itan rẹ̀, ó balẹ̀, kò tán. Ọwọ́ òsì Màmá di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, ó ń mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni àlùmọ́gàjí Aránṣọ wà lọ́rùn rẹ̀ níbi tó máa ń so ó kọ́ sí. Aránṣọ kì í fi òwú sílẹ̀ kó máa fì dirodiro. Kò tilẹ̀ rò ó. Ó gé e.

Èyí tó kù lẹ́nu Màmá yára wọlé padà. Màmá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ha bí ilẹ̀kùn tí wọn kì í ṣí.

"Asẹ́ mi dà?"

Inú wọn dùn, ẹ má tan ara yín. Ẹlẹ́rìn-ín sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Nọ́ọ̀sì dé, ó wo ọ̀fun Màmá, ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa wí, Ọlọ́run ló ṣe é. Kí oṣù tó parí, Màmá ti ń fi ọwọ́ méjèèjì ya búrẹ́dì. Aránṣọ ní òun á sinmi wàyí. Òwú tó gé dà? Ó wá a sábẹ́ ibùsùn, ó wá a ní kọ́lọ́fín yàrá, kò rí i. Bọ́bìnì náà ṣófo.

"Màmá, òwú yẹn, kí ni?"

"Òwú wo?" ni Màmá dáhùn. Ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe ń wò ó nígbàkígbà tí wọ́n bá jọ ń jẹun.

Ọ̀sán kan, Aránṣọ jókòó ti maṣíìnì, ó ń jẹ búrẹ́dì. Kò lọ. Ó húkọ́, kò lọ. Ó dà bí ìgbà tí òwú bá lẹ̀ mọ́ ni lẹ́yìn ahọ́n, tí ahọ́n ń wá a, tí kò rí i mú. Ó pòṣé. Òṣé náà kò jáde dáadáa.

Nínú ilé ìdáná, ìró kan dún. Kó, kó.

Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ojú rẹ̀ ti yí sí ẹnu ọ̀nà.

Màmá wọlé pẹ̀lú ife, ó rọra ń rìn. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún. Òwú pupa ká mọ́ ìka rẹ̀, ó ṣì ń kán omi ọsàn.

Aránṣọ fẹ́ bi í léèrè. Ó fẹ́ bínú. Ó fẹ́ pè é ní Màmá.

"Hùn," ni ó wí.

"Má sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Mo ti sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mu ún kó tó há ọ."