Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún Ló Kù

Mọ́kàndínláàdọ́rùn-ún náà kò pín in. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìgbín fa ìlà sábẹ́ ìṣirò náà, ó gbọn ọwọ́ tó ti ń dùn ún, ó ṣí ojú ìwé mìíràn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni olùkọ́ ìṣirò kọ sójú pátákó: “9,991. Ǹjẹ́ nọ́ńbà kankan lè pín in láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀? Ẹ fi iṣẹ́ yín hàn.” Ẹni tó bá gbà á ni yóò gba àyè kan tó kù ní ilé-ìwé ẹ̀rọ. Ìgbín àti ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wàràwàrà ló ń du àyè náà.

Ìgbín mọ̀ pé òun kò ní dán nọ́ńbà tó tó ọgọ́rùn-ún wò, nítorí ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ti ju iye yìí lọ. Bí mẹ́ta kò bá sì pín in, mẹ́sàn-án kò lè pín in. Àwọn tó yẹ ní dídánwò ti tán, àfi mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

Wàràwàrà, tó ti fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, yọ orí lójú fèrèsé. “Ìgbín, ṣé o fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ni?”

“Ó ku ẹyọ kan.”

“Ẹyọ kan kẹ̀! Èmi ò tíì dé ogún tí mo ti mọ̀ pé òkúta ni, kò ṣeé fọ́. Kọ ọ́ pé kò ṣeé pín, kó o kọ ‘Mo ti dán gbogbo rẹ̀ wò’ sábẹ́ ẹ̀, kó o máa bọ̀. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?”

Ìgbín pàápàá ti kọ “Kò ṣeé pín.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ “Mo ti dán gbogbo…” Bírò dúró. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ó padà sídìí ìṣirò. Ó yọ 9,700 kúrò, ìyẹn 97 lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ó ku 291. 97 lọ́nà mẹ́ta, 291. Ó ku òdo.

“Yéè!” Àga rẹ̀ ṣubú.

Ó pe àwọn nọ́ńbà náà jáde lẹ́nu: “Ọgọ́rùn-ún ó dín mẹ́ta. Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́ta. Ẹgbàárùn-ún ó dín mẹ́sàn-án!” Orí rẹ̀ wú. Inú orúkọ nọ́ńbà náà ni ìdáhùn wà láti àárọ̀: ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ó dín mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta.

Olùkọ́ sáré wọlé. “Kí ló dé? Ejò ni?”

“Ó pín, sà!”

“Irọ́ ni!” Wàràwàrà ké láti ojú fèrèsé.

Olùkọ́ fa ìwé Wàràwàrà yọ. “O kọ ọ́ síbí pé o ti dán gbogbo rẹ̀ wò. Ibo lo ti dán mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún wò?”

“Sà, mo rò pé…”

“‘Mo rò’ kì í ṣe ìṣirò. Ká ní o ṣì í ni, ǹ bá ní kó o tún wá. Irọ́ lo kọ, o sì fi orúkọ rẹ sábẹ́ ẹ̀. Àyè náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Wàràwàrà di ọ̀pá fèrèsé mú, bí ẹni tí ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ku díẹ̀ kò tíì parí. Ẹni tó bá sì fi ẹnu parí rẹ̀, ara rẹ̀ ló tàn jẹ. Ìgbín gbé àga dìde, ó fa igi lé “Kò ṣeé pín,” ó kọ 97 × 103 sábẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fi ìwé náà lé olùkọ́ lọ́wọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.