Ìbínú inú Fíréémù

"Àwòrán ọba kan ti já bọ́ lára ògiri rí, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún mi, nítorí pé mo mọ àwòrán wò."

Ohun tí èmi Bùsàrí kọ́kọ́ sọ fún Láwùmí nìyẹn, ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ring Road, níbi tó ti ń kan fíréémù. Ó rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Irọ́ ẹ yìí pọ̀ ju mọ́tò tó wà ní Òjòó lọ!"

Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ rẹ̀ ti gbé mi mì tọwọ́tẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Alàgbà Ògúnsànyà, kò fẹ́ rí mi sójú. Nígbà tí Láwùmí mú mi délé wọn ní Bódìjà, mo dọ̀bálẹ̀ títí àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu sìmẹ́ńtì já. Baba ò ní kí n dìde.

"Kí niṣẹ́ ẹ?"

"Mo ń kọ nǹkan sára mọ́tò, sà."

"Ìwé mélòó lo kà?"

"Mo kà á débi tó yẹ kí n sinmi, sà."

Ojú Baba le koko. Ó nawọ́ sí àwòrán àtijọ́ kan lára ògiri: ọ̀dọ́bìnrin kan tó wé gèlè, tó dúró ṣánṣán. Ìyá arúgbó kan ń tòògbé lórí àga lábẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi ní o mọ àwòrán wò. Sọ ohun tó wà nínú èyí. Bí o bá ṣì í, o ò gbọdọ̀ pe Láwùmí mọ́ láyé ẹ."

Láwùmí di ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Mo sún mọ́ àwòrán.

"Inú ń bí obìnrin yìí, sà. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: ọ̀dà ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó jọ̀lọ̀. Ẹni tó kùn ún fẹ́ kó dà bí ẹni tára tù. Ó tún ta funfun díẹ̀ sí ẹyinjú kó lè máa dán. Ṣùgbọ́n ọ̀dà nípọn lẹ́bàá ẹnu. Ó kùn ún, ó pa á rẹ́, ó tún un kùn. Ẹnu yẹn ò gbà láti rẹ́rìn-ín."

Baba fi ìka kan ibẹ̀ wò.

"Jókòó," ló wí.

Láwùmí ṣẹ́jú sí mi: ó tó, olówó orí mi, panu mọ́.

Èmi? Kí n panu mọ́?

"Bàbá bàbá mi gan-an ló kùn ún, sà! Ìfẹ́ rẹ̀ ló pa obìnrin náà. Ọjọ́ tí wọ́n pínyà, ó sunkún títí odò Ògùnpa fi kún, ó sì kú kílẹ̀ tó mọ́."

"Mo kú?"

Ìyá arúgbó ti lajú. Yéè! Ẹnu inú àwòrán gan-an ló wà lójú rẹ̀.

"Ìyá mi lo ń sin láàyè yẹn!" ni Baba ké.

"Obìnrin ló kùn mí!" Ìyá jágbe mọ́ mi. "Ó dá mi dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú, ìyẹn ló ń bí mi nínú. Ṣé òun ni bàbá bàbá ẹ? Òpùrọ́! Láwùmí, gbé ọ̀pá mi wá!"

N kò dúró dọ̀pá. Mo fo géètì wọn láìfọwọ́ kàn án. Ọlọ́kadà tí mo yà sílẹ̀ ní kí n rọra sáré. Láwùmí jáde sí títì pẹ̀lú bàtà mi lọ́wọ́.

"Bùsàrí! Bùsàrí mi o!"

Èmi tí mo mọ ojú wò, n kò lè bojú wẹ̀yìn kí n mọ̀ bóyá ó ń sunkún ni àbí ó ń rẹ́rìn-ín. Kó tó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti kọjá Agbowó.