Tapólì Bàbá Káfíńtà

Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀ kọ́kọ́ rí lórí òrùlé wọn, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀kan pupa, èkejì búlúù. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni wọ́n yọjú, tó rẹ́rìn-ín sí i. Oníṣẹ́ sólà tí bàbá rẹ̀ pè ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Báwo ni nǹkan yìí ṣe ń gbé iná jáde?"

"Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni páńẹ́lì ń sọ di iná. Bátìrì á tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù di alẹ́."

"Omi gbígbóná ńkọ́?"

"Ìyẹn ò lo iná rárá. Inú páìpù dúdú abẹ́ gíláàsì yìí ni oòrùn ti ń mú omi gbóná. Tó bá ti gbóná, á fúyẹ́, á gòkè lọ sínú táǹkì. Tútù á sọ̀ kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀."

"Láìsí ẹni tó ń tì í?"

"Láìsí. Àbí ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Ìbéèrè kan bí òmíràn. Kí oṣù tó parí, ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Ọkùnrin náà ti ń múra láti wá tọrọ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Àfi bí omi ò ṣe gbóná mọ́. Iná náà ò tó dé àárín alẹ́. Bàbá, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, fárígá. "Gbájúẹ̀ lọmọ yẹn. Tí omi ò bá gbóná títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, kó wá tú ẹrù ẹ̀, kó má sì yà síbí wá wò ẹ́ mọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà wá láàárọ̀ kùtù, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kò rí àléébù kankan.

"Ṣé ìwọ náà rò pé mo lu bàbá ẹ ní jìbìtì?"

"Olólùfẹ́ mi, mi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni." Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ṣá.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ pé, ọmọbìnrin náà ti ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ rẹ̀, ó wálé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó bá bàbá rẹ̀ lórí àkàbà, tó ń fi tapólì, ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi ń bo ẹrù, bo gbogbo gíláàsì náà àti páńẹ́lì, ó ń ká etí rẹ̀ bọlẹ̀ bí ẹni ń bo ọmọ tó sùn.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Oòrùn ọ̀sán ni mi ò fẹ́ kó bà á jẹ́. Ogójì ọdún ni mo fi bo pákó báyìí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ká a kúrò."

Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá mi, oòrùn yẹn gan-an ni oúnjẹ ẹ̀. Ebi lẹ fi ń pa á."

Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ fa tapólì náà wálẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ọkùnrin náà dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ti wá tú ẹrù rẹ̀. Bàbá ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé garawa omi tó ń rú èéfín dání.

"Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mò ń bò ó lójú."

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan omi náà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Ọmọ yín ni mo fẹ́ tọrọ."

"Mo ti gbọ́. Lọ wẹ̀ ná."

Ọmọbìnrin náà sì bu omi tútù là á, kó má baà bó ọkọ rẹ̀ lára.