Gbòǹgbò Iná Ilé Oyèníran

Iná mànàmáná tó ń hù bí iṣu ni wọ́n gbé dé ìlú Ìdí-Apá lọ́dún náà. Wọ́n á gbin èhù rẹ̀ kan sẹ́yìn ilé, wọ́n á da eèpo iṣu àti egungun ẹja sí i nídìí. Kò ní pẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ á fi ta, gílóòbù á sì tàn.

Láyé ìgbà yẹn, ìjọba ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ iná. Baálé kọ̀ọ̀kan ló ń yan iléeṣẹ́ tí yóò máa tan iná fún un, bí èèyàn ṣe ń yan aránṣọ. Iléeṣẹ́ Ìgbì ń fa iná látinú òkun. Iléeṣẹ́ Àtànṣán gbé dígí ńláńlá kọ́ sójú ọ̀run, ó ń fi wọ́n da oòrùn sórí òrùlé àwọn oníbàárà rẹ̀. Gbòǹgbò ló dé kẹ́yìn. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Àwọn onímọ̀ ló fọwọ́ dá a, ní ìlú tí àwọn Yorùbá tẹ̀ dó sínú òṣùpá.

Oyèníran, tó ń tún ẹyẹ-irin tí àwọn aráàlú ń gùn lọ sóko ṣe, kò fi ọ̀rọ̀ yíyàn yìí ṣeré. Àtànṣán ló ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá, ìkùukùu bo ojú dígí, iná lọ. Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀, tí àìsàn àyà ń bá jà, wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, èyí tó ń bá aláìsàn mí. Kí iná tó dé, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Tanímọ́lá ọmọ wọn sì jogún àìsàn náà. Òun ló wà lórí ẹ̀rọ yẹn báyìí. Ohun kan ṣoṣo ni Oyèníran ń wá: iná tí kì í lọ.

Arínọlá, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tó dá Gbòǹgbò, ló gbé èhù náà wá fúnra rẹ̀. Inú òṣùpá ni wọ́n bí i sí. Ó ń rìn bíi pé ilẹ̀ ayé ń fà á lẹ́sẹ̀. Màmá Ẹfúnyẹmí, ìyá Mopélọ́lá, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó.

"Kí ló ń jẹ?" Màmá bi í.

"Ohun tí ẹ bá dà sí i, Màmá. Eèpo, ewé, egungun."

"Bí ìyẹn bá tán ńkọ́?"

"Á wá èyí tó wà nínú ilẹ̀ lọ. Oúnjẹ kì í wọ́n nínú ilẹ̀."

"Ìwọ ọmọ òṣùpá yìí, o ti roko rí?"

Arínọlá rẹ́rìn-ín. "A ò ní ilẹ̀ lọ́hùn-ún, Màmá. Eruku la ní."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀." Màmá kọjú sí àna rẹ̀. "Bàbá Tanímọ́lá, ohun tó lẹ́nu lẹ fẹ́ gbé wọlé yìí o."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Èyí tó wà lójú ọ̀run, ẹ ṣáà rí ohun tó ṣe fún wa."

Màmá gbé àpótí rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí iná náà dé, ó dé tagbáratagbára. Palọ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé oòrùn là nínú ilé. Ẹ̀rọ amúnimí, tó máa ń kọsẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá ń lọ geere. Tanímọ́lá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá mi, mo ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀."

Ó ti pẹ́ tó ti béèrè oúnjẹ kẹ́yìn. Oyèníran sáré lọ bu ọbẹ̀. Ó dà á sára, kò tilẹ̀ mọ̀.

Àwọn míì ládùúgbò náà gbin Gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ́lẹ̀ tó ti ilé Oyèníran. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn èèyàn á gbé àga wá síwájú ilé rẹ̀ láti wá yá ìmọ́lẹ̀.

"Kí lẹ ń fún un jẹ?" ni Láwàní, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, bi í. "Tèmi jẹ egungun odindi ewúrẹ́, ó ṣì ń ṣẹ́jú."

"Eèpo iṣu lásán ni."

"Irọ́ ni. Ẹ ń gúnyán fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oyèníran náà rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ìròyìn dé òṣùpá. Arínọlá padà wá pẹ̀lú ayọ̀, ó gbé awolẹ̀ dání, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán ohun tó wà nínú ilẹ̀ sára ògiri.

"Bí mo bá mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ yín," ó wí, "gbogbo ilé ní Ìdí-Apá ló máa mọ́lẹ̀ báyìí."

Palọ̀ kún fún èrò. Gbòǹgbò yọ lára ògiri, ó funfun báláú. Ó gbéra láti ẹ̀yìn ilé, ó gba abẹ́ ilé ìdáná, ó gba abẹ́ yàrá, kò dúró níbì kankan. Arínọlá ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ ń ròkè.

"Ẹ wò ó, ó ń sáré. Ó mọ ibi tó ń lọ."

Níwájú ilé, gbogbo rẹ̀ kóra jọ, ó ki. Ó gùn gbọọrọ. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, ó ká orúnkún díẹ̀.

"Kí lẹ bò mọ́lẹ̀ síbẹ̀?" ni Arínọlá béèrè.

Ní Ìdí-Apá, iwájú ilé ni wọ́n ń sin èèyàn wọn sí, kó má baà jìnnà sí wọn. Nínú òṣùpá, wọ́n ń sun òkú ni. Àwọn onímọ̀ ò béèrè, aráàlú ò sì rò ó. Láwàní dìde, ó sáré gba ilé rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ wà níwájú ilé tirẹ̀ náà.

"Ọmọ mi ni," Màmá wí. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló máa ń fi lélẹ̀ sùn. Èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó mú àdá. Arínọlá sáré kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gé e, iná lọ nìyẹn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí Ìgbì tó lè fa tiwọn débí."

"Kó lọ. Ṣé ọmọ mi ló yẹ kó di epo àtùpà?"

"Màmá," Oyèníran pè é. Ó yíjú sí yàrá Tanímọ́lá.

Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ amúnimí láti yàrá. Ó ń mí sínú, ó ń mí síta. Màmá dúró pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ó ń tẹ́tí. Ó pẹ́ kó tó gbé e kalẹ̀.

Oyèníran ránṣẹ́ sí Ìgbì pé àwọn ni òun yàn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná, kí Gbòǹgbò má baà jẹun púpọ̀. Ó pa ti ìta, ó pa ti palọ̀, ó pa fíríìjì. Àwọn èèyàn gbé àga wọn lọ. Ẹ̀rọ amúnimí nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá, tí kò fún nǹkan náà ní oúnjẹ rí, ti ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ó kó eèpo iṣu, egungun ẹja àti ewé dé. Ó dà wọ́n sídìí gbòǹgbò lẹ́yìn ilé, ó lóṣòó tì í.

"Jẹ èyí," ó wí fún un. "Ó pọ̀, jẹ ẹ́. Èyí tó wà níwájú yẹn, fi í sílẹ̀ fún mi."

Oyèníran gba apẹ̀rẹ̀ tó ti ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde lọ wá eèpo sí i.