Gbòǹgbò Igi Ìyá Káfíńtà

Káfíńtà sùn lọ́sàn-án, kò jí mọ́. Ibà díẹ̀ ló ń ṣe é. Àga tó ń kàn lọ́wọ́ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ku ẹsẹ̀ kan. Irú ikú wo nìyẹn?

Àwọn ará ilé ní ikú àjẹ́ ni, wọ́n ní ìyá tó bí i ló pa á. Ìyá náà gbin igi olódòdó kan sẹ́yìnkùlé tó fi ń wo ibà fún gbogbo àdúgbò, ẹyẹ kì í sì í tán lórí rẹ̀ láàárọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ní ó ti ń ṣèpàdé. Òótọ́ ni pé ó lọ kí àbúrò rẹ̀, kò sí nílé lọ́jọ́ ikú náà. Wọ́n ní ṣé àjẹ́ ń wọkọ̀ ni? Ẹnu ayé, ẹ gbà mí! Àwọn tó mu àgbo rẹ̀ lánàá ló ń tutọ́ sílẹ̀ bó bá ń kọjá.

Ìyàwó Káfíńtà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó dákẹ́ bí ẹni tó gbómi sẹ́nu. Òun ni ìyá ọkọ rẹ̀ fi igi náà lé lọ́wọ́ kó tó lọ kí àbúrò rẹ̀: kó máa bomi rin ín, bí ibà bá dé, kó se òdòdó rẹ̀, kó má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Kò bomi rin ín, òdòdó sì re tán. Nígbà tí ibà mú ọkọ rẹ̀, ojú tì í láti sọ pé òun gbàgbé. Ló bá walẹ̀, ó gé gbòǹgbò, ó sè é. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ife fún un.

Télọ̀, àbúrò bàbá olóògbé tó jẹ́ olórí ilé, ní lọ́jọ́ Sátidé wọn yóò hú igi náà, ìyá yóò sì kẹ́rù rẹ̀ jáde. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó mú oníṣègùn kan wá láti hú u. Ìyẹn walẹ̀ díẹ̀, ó dúró.

“Ọ̀bẹ ti kan gbòǹgbò yìí, májèlé sì ni. Ta ló gé e?”

Kí ìyàwó tó la ẹnu, ìyá ọkọ rẹ̀ ti dáhùn.

“Èmi ni.”

Irọ́ gbáà ni. Ọjọ́ tó dé láti ìrìn àjò ló ti rí ilẹ̀ tí wọ́n tú, ó fẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ rẹ̀ padà, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó wo ọmọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ìyàwó, ó gbé àpò rẹ̀.

Ìyàwó kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ru ẹ̀bi yìí mọ́. Èmi ni mo gé e. Èmi ni mo sè é fún un.”

Télọ̀ ní kí oníṣègùn dá iṣẹ́ dúró. Ìyá gbé àpò sílẹ̀, ó fọwọ́ kó erùpẹ̀ bo gbòǹgbò náà padà. Ó kọjú sí ìyàwó.

“Dìde. Lọ bu omi wá. Má gbàgbé lọ́tẹ̀ yìí.”